Ohùn Ọkọ̀ Benedict

"Ẹ dúró ná! Ẹ má tíì gé e!"

Judith ti ń pariwo kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ tán lórí ọ̀kadà, ṣùgbọ́n ariwo irin bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wẹ́dà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Iná ń ta jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìgérin tó dì mú, ó ń já bọ́ sórí yanrìn tí epo ti sọ di dúdú. Kí Judith tó dé ibi tí ọkọ rẹ̀ lóṣòó sí, irin gígùn kan já bọ́ lábẹ́ ọkọ̀ náà, ó dún gbàgà. Sàlẹ́ńsà tó ń gbé èéfín jáde, tó bá ọkọ̀ dé láti òkè òkun, nìyẹn.

Benedict bojú wẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Mummy Treasure, ta ló sọ fún ẹ pé ibí ni mo wà?"

"Ẹni tó ń kọjá ló rí yín. Dádì Treasure, kí ni ọkọ̀ yìí ṣe fún yín tí ẹ fi ń gé e?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ kó yọ."

Wẹ́dà náà rákò jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ti awò dúdú ojú rẹ̀ sókè. "Mummy, ẹ má bínú. Èyí tó bá a wá yìí wúwo, kò jẹ́ kí ọkọ̀ mí dáadáa. Tí mo bá so tuntun yìí tán, tí Dádì bá tẹná ní Òkìtìpupa níbí, àwọn ará Igbotako á ti mọ̀ pé ẹ ń bọ̀."

"Ṣé àwọn tó ṣe ọkọ̀ kò mọ̀ pé ó wúwo kí wọ́n tó fi í sí i ni?"

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín. Ó mú òòlù, ó rọra fi kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ìpẹtà rọ̀ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. "Dádì, ìdí ọkọ̀ yín ti ń jẹ o. Abẹ́ àga ẹ̀yìn níbí ti lu. Ó yẹ ká kọ́kọ́ fi páànù lẹ̀ ẹ́."

"Ó di ọjọ́ mìíràn," Benedict dáhùn. "Ọjọ́ Àìkú yìí ni a fẹ́ gbé e lọ síwájú Ọlọ́run. So tèmi fún mi."

Judith gbọ́ gbólóhùn méjèèjì yìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára irin tó wà nílẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe é, kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Kò jà. Bó bá jẹ́ ọkùnrin mìíràn ni, bóyá ì bá jà. Ṣùgbọ́n ó mọ irú ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́. Benedict ni olùtọ́jú ilé ẹrù ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀gá tuntun fi máa ń rò pé ara ògiri ibẹ̀ ni. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ẹbí ní Igbotako, ẹlòmíràn á ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, òun náà á sì fi í sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, ọ̀kadà àti ọkọ̀ èrò ni wọ́n ń wọ̀ kiri. Nígbà tí ó wá ra Corolla àlòkù yìí, ó fi ń fun fèrè kọjá níwájú ọ́fíìsì wọn, kò sì sẹ́ni tó gbójú sókè. Ó sọ èyí fún Judith lórí oúnjẹ alẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n púpurú tó wà níwájú rẹ̀ tutù kó tó jẹ ẹ́ tán.

Wẹ́dà so tuntun náà tán. Benedict wọlé, ó tẹná. Ohùn ńlá kan bú jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó mi ilẹ̀ tìtì. Àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lódìkejì títì dìde dúró. Ọlọ́kadà kan ju ọwọ́ sókè kí i. Benedict yọrí láti ojú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ó pẹ́ tí Judith ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Kò mọ ìgbà tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, Benedict ló ń gbé Treasure lọ sílé ẹ̀kọ́. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ó sì fẹ́ràn àga ẹ̀yìn nítorí pé òun nìkan ló ni ín. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n so sàlẹ́ńsà náà, ó délé, ó ní orí ń fọ́ òun. Judith fún un lóògùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó tún sọ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò ibà. Wọn kò rí ibà kankan lára rẹ̀. Tísà wọn, Mildred, pe Judith lórí fóònù pé Treasure ń sùn lórí tábìlì láàárọ̀, ṣé kì í tètè sùn lálẹ́ ni?

"Òórùn kan wà nínú ọkọ̀ yẹn," Judith sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ọ̀dà ara irin tuntun ló ń jóná. Wẹ́dà ní yóò lọ."

Lọ́jọ́ Ẹtì, bátìrì ọkọ̀ kú, ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé Treasure lọ. Ọmọ náà bọ̀ lọ́sàn-án, ó ń fò, ó ń kọrin, ó sì jẹ oúnjẹ tán. Judith tó jókòó nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ wò ó títí. Inú rẹ̀ dùn pé ara ọmọ ti yá. Kò rò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Benedict ra bátìrì tuntun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Òjò ló jí wọn lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ aṣọ funfun wọn. Wọ́n kó ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ìdúpẹ́ sínú abọ́ ńlá, wọ́n gbé e sórí àga ẹ̀yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Treasure. Ìjọ tí wọ́n bí Benedict sí ní Igbotako ni wọ́n ń lọ, ìjọ Aládùúrà tí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Benedict yí gbogbo gíláàsì sókè nítorí òjò, ó tan éésì amúlétutù.

"Má jẹ́ kí ọsàn yẹn yí dànù o," Judith sọ fún ọmọ rẹ̀.

"Mo dì í mú, Mummy."

Treasure bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin tí wọ́n máa kọ ní ìjọ àwọn ọmọdé. Ohùn ọkọ̀ pọ̀ ju ohùn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Judith ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n jáde nílùú. Igi ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, òjò sì ń lu wọ́n. Orí Judith ń ṣe é bí ẹni tí gèlè fún jù. Ó tú gèlè náà, ó tún un wé, kò yí padà. Nígbà tó ṣe, ó ṣàkíyèsí pé òun kò gbọ́ orin mọ́. Ó bojú wẹ̀yìn. Treasure ti ká ara jọ sínú igun àga, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Àwọn ọsàn ti yí bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Treasure."

Kò dáhùn.

"Treasure!" Judith na ọwọ́, ó gbá a lórúnkún. Ọmọ náà la ojú díẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ó tún pa á dé.

"Jẹ́ kó sùn," ni Benedict wí. "A jí i ní kùtùkùtù."

Bí wọ́n ti wọ inú ọgbà ìjọ, Judith sáré ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ràn án, ó sì bì sára aṣọ funfun rẹ̀. Ìyá Salome ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Àbúrò bàbá Benedict ni, òun sì ni ìyá ìjọ. Ó gbé ọmọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn òjò ti ń fẹ́, ó fọwọ́ lé e níwájú orí, ó ń gbàdúrà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní èdè Ìkálẹ̀.

"Ara rẹ̀ kò gbóná," ó sọ fún Judith. "Má gbé e wọ inú èrò. Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Èmi á jókòó tì í."

Kí wọ́n tó parí ìwàásù, Treasure ti jókòó, ó ń bèèrè bísíkíìtì. Judith gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ìjọ. Ó dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ náà kò jókòó dáadáa. Ara ọmọ le lórí ọ̀kadà. Ara ọmọ le lórí ẹní. Inú ọkọ̀ nìkan ni kò ti le. Ó gbìyànjú láti lé èrò náà lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe orúkọ ọkọ rẹ̀ síta ni.

Gbogbo ìjọ jáde yí ọkọ̀ ká. Òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀. Wòlíì Philemon, arúgbó tó ga tó sì rọra ń sọ̀rọ̀, wọ́n omi ìyàsímímọ́ sára ọkọ̀, ó ní kì yóò gba ẹ̀jẹ̀, kì yóò gbé òkú. Wọ́n ṣe àmín. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àwọn fẹ́ gbọ́ ọ.

"Brother Ben, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀!"

Benedict wọlé, ó tẹná, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohùn náà lu ògiri ìjọ, ó padà. Àwọn ọmọdé di etí, wọ́n ń fò. Àwọn àgbà tí kì í rántí orúkọ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Judith rí ojú rẹ̀ nínú gíláàsì, ó ń dán.

Ó yípo lọ sẹ́yìn láti ṣa ọsàn tó bọ́ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí àga, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ lu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fà á padà, ó tún na án. Ó gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ihò kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ ọmọdé lè wọ̀, etí rẹ̀ ti jẹ gànràngànràn. Láti inú ihò náà ó rí ilẹ̀, ó sì rí irin tuntun náà níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Gbogbo ìgbà tí Benedict bá tẹná ni èéfín ń tú jáde lójú ìsopọ̀ yẹn, tí ó ń gòkè wọ inú ọkọ̀.

Judith jáde. Ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.

"Dádì Treasure, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

"Kí ló dé?"

"Ẹ pa á ná. Èéfín ń wọ inú ọkọ̀. Ihò wà lábẹ́ àga."

Benedict pa á. Gbogbo ènìyàn dákẹ́, ohùn Judith sì wá ròkè ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Èéfín yẹn ló ń fa orífífọ́ Treasure. Òun ló mú un bì."

"Ihò yẹn ti wà níbẹ̀ kí n tó ra ọkọ̀," Benedict fèsì, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Wọlé, ká máa lọ. A ó sọ ọ́ délé."

"Treasure kò ní wọ ọkọ̀ yìí."

"Judith."

"Kò ní wọ̀ ọ́. Èmi náà kò ní wọ̀ ọ́."

Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin. Ọ̀kan lára wọn, Sister Vivian, sọ pé, "Ọkọ̀ tí Wòlíì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà sí? Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, Mummy Treasure." Ẹlòmíràn ní kí ó má dójú ti ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀.

Judith kò wo ojú wọn. Ojú Benedict ló ń wò, ó sì rí i bí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ṣe kú. Kò bínú bí àwọn ọkùnrin mìíràn ṣe ń bínú. Ó kàn wo orí sítíárìn, ó ní, "Ó dáa." Ó yí gíláàsì sókè, ó tẹná, ó sì jáde ní ẹnu ọ̀nà ọgbà. Wọ́n ń gbọ́ ọ títí ó fi kọjá ọjà.

"Jẹ́ kó lọ," Ìyá Salome sọ. "Inú ń bí i. Yóò délé kó o tó dé."

Òjò tún bẹ̀rẹ̀, ó le ju ti àárọ̀ lọ. Judith jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó ń wo omi tó ń ṣàn lójú páànù, ọkàn rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ó rántí tọkọtaya kan ládùúgbò wọn ní Òkìtìpupa, tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé sẹ́yìn ilẹ̀kùn nítorí òjò. Kò sí ọgbẹ́ lára wọn nígbà tí wọ́n já ilẹ̀kùn wọlé. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń sùn. Gbogbo àdúgbò ló bá wọn sunkún, gbogbo àdúgbò ló sì gbé jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ jáde síta. Kò sẹ́ni tó ronú nípa ọkọ̀.

Ó mú fóònù. Ó pè é. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó lè jẹ́ pé ariwo ọkọ̀ ni kò jẹ́ kó gbọ́. Ó tún pè é. Ó lè jẹ́ pé inú ṣì ń bí i. Ó tún pè é.

"Ìyá, ẹ bá mi di Treasure mú."

"Nínú òjò yìí? Níbo lò ń lọ?"

"Ó yí gbogbo gíláàsì sókè, Ìyá. Mo rí i tó yí i sókè, mi ò sì sọ nǹkan kan."

Ó sáré já sí títì láìwọ bàtà, bí ó ti jáde nínú ìjọ. Ọlọ́kadà kan tó fẹ̀yìn ti ṣọ́ọ̀bù nítorí òjò kọ́kọ́ kọ̀ fún un. Nígbà tí ó rí ojú rẹ̀, ó ta alùpùpù rẹ̀ nípàá. Joel ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà wà lára ẹ̀wù òjò tó wọ̀.

"Ọkọ̀ wo là ń wá, Mummy?"

"Corolla aláwọ̀ eérú. Tó bá wà nítòsí, a máa gbọ́ ọ."

Òjò ń gún wọn lójú bí abẹ́rẹ́. Ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ níwájú, Judith á na ọrùn wò ó. Ní ibi tí títì ti fẹ́ wọ inú oko ọ̀pẹ ńlá, Joel dín eré kù, ó ní, "Ṣé ohùn rẹ̀ nìyẹn?"

Judith gbọ́ ọ. Ohùn náà ń bọ̀ láti inú òjò, ó rọra ń kùn, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀ wọ̀ọ̀. Ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá yé e pé ohùn náà kò kúrò lójú kan. 

Corolla náà wà létí títì lábẹ́ igi ọ̀pẹ. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn. Ìrì ti bo gbogbo gíláàsì láti inú. Judith fò sílẹ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì lu fèrèsé.

"Dádì Treasure! Benedict! Benedict!"

Kò pe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó fa ilẹ̀kùn, wọ́n ti tì í. Ó nu òjò lójú gíláàsì, ó sì rí orí ọkọ rẹ̀ bàìbàì tó fi lé sítíárìn bí ẹni tó ń gbàdúrà.

"Ẹ kúrò níbẹ̀, Mummy!"

Joel ti gbé òkúta. Gíláàsì ẹ̀yìn fọ́ yángá. Ó na apá wọlé, ó ṣí ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì sì fa Benedict jáde sórí koríko. Ó wúwo, ọrùn rẹ̀ ń yí kiri. Judith padà sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ohùn náà kú. Òjò nìkan ló kù, àti ohùn Joel tó ń sọ pé, "Ó ń mí. Mummy, ó ń mí, ẹ wá wò ó."

Judith gbé orí rẹ̀ lé itan. Òjò ń rọ̀ sí i lójú, kò sì bò ó. Ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń gbá a létí, ó tún ń bẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ kí ipénpéjú rẹ̀ tó mira. Ó húkọ́, ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bì. Kò sí ohun tó dùn mọ́ Judith láyé bí èébì yẹn.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ẹyìn bọ̀ láti oko ló gbé wọn. Awakọ̀ ní kí wọ́n gbé e síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, Judith kọ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn lórí ẹyìn níbi tí atẹ́gùn wà, ìyàwó rẹ̀ dì í mú títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn kékeré kan ní Igbotako. Nọ́ọ̀sì gbọ́ àlàyé rẹ̀, kò fi àkókò ṣòfò. Ó fi ọ́síjìn bo imú rẹ̀.

Ọ̀sán ti ń rọlẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó fà á kúrò ní imú díẹ̀.

"Mo kàn dúró kí òjò dín kù ni," ó wí. "Mi ò rí ọ̀nà mọ́. Orí ń fọ́ mi."

"Ẹ dákẹ́, ẹ sinmi."

"Ó ti ń fọ́ mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó. Lójoojúmọ́ ni."

Judith dẹ́kun nínù tó ń nu irun rẹ̀. "Ẹ sì ń gbọ́ tí ọmọ ń sọ pé orí ń fọ́ òun?"

"Mo ń gbọ́."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

Ó yíjú sí ògiri. "O máa ní kí n tú u."

Judith dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó máa dun ún, ó sì ní in lẹ́nu. Bí ó ti dúró síbẹ̀ ni Ìyá Salome wọlé pẹ̀lú Treasure, Wòlíì Philemon àti àwọn ará ìjọ tẹ̀lé wọn, aṣọ funfun wọn ti rin gbingbin. Yàrá kékeré náà kún. Treasure gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

"A ti mọ̀ pé wọn kò ní gbà," Sister Vivian bẹ̀rẹ̀. "Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ gan-an! Ojú ayé ti wọ ọkọ̀ yẹn lára. Àwọn ọ̀tá ló fẹ́ gbé Brother Ben lọ."

"Ọlọ́run kò gbà fún wọn," ẹlòmíràn dá a lóhùn. "A máa gbààwẹ̀ sí i."

Judith kò yíjú padà. Ó mọ̀ pé ọ̀nà tó rọrùn ti ṣí sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Bó bá mi orí lásán, ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó máa bi í ní ìbéèrè mọ́, òun Judith náà á sì máa gbé ìyókù kiri nínú ara rẹ̀. Ó dúró, ó ń retí kó gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe máa ń gba ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn.

"Kì í ṣe ọ̀tá."

Ohùn náà kò lágbára. Wòlíì gbé ọwọ́ sókè kí àwọn tó kù dákẹ́.

"Kì í ṣe ọ̀tá," Benedict tún un sọ. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wẹ́dà sọ fún mi pé ihò wà lábẹ́ ọkọ̀. Ìyàwó mi sọ fún mi lójú gbogbo yín. Ọmọ mi ń ṣàìsàn, mo mọ̀ ọ́n lára, mo sì ń gbé e sínú ọkọ̀ yẹn lójoojúmọ́." Ó mí. "Tó bá jẹ́ pé ìyàwó mi gbà fún mi lónìí, òkú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ̀ bá bá nínú rẹ̀."

 Ìyá Salome fi aṣọ nu ojú. Wòlíì Philemon jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ Benedict mú láti orí aṣọ ìbora, ó ní, "A ó bá ọ dúpẹ́, ọmọ mi. Ohun tó o sọ yìí la ó fi dúpẹ́."

Judith padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó mú ọ́síjìn náà, ó rọra fi í padà sí imú ọkọ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n fi í sílẹ̀. Joel àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti ti ọkọ̀ náà wọ inú ọgbà láìtan iná rẹ̀, Benedict sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé Ìyá Salome lọ́wọ́ pé kó má fún ẹnikẹ́ni títí òun yóò fi mú wẹ́dà mìíràn wá láti tú gbogbo rẹ̀. Wọ́n rìn lọ sí gáréèjì, wọ́n wọ ọkọ̀ èrò. Treasure wà láàárín, àwọn òbí rẹ̀ wà létí fèrèsé lọ́tùn-ún lósì.

Bí wọ́n ṣe jáde nílùú ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ wìnnìwìnnì. Awakọ̀ wo ẹ̀yìn nínú dígí iwájú rẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí gíláàsì yẹn sókè. Òjò ń pa àga mi."

Judith di ọwọ́ gíláàsì mú. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ yìí kò ṣe nǹkan kan. Ó mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò yí i. Ó ń wá ohun tó máa sọ tí kò ní dà bí ọ̀rọ̀ aṣiwèrè létí àwọn èrò.

Nígbà náà ló gbọ́ tí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kejì ń sọ̀ kalẹ̀. Benedict ló ń yí i, ó sì yí i títí ó fi wọlẹ̀ tán. Atẹ́gùn àti òjò fẹ́ wọlé lu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú. Treasure pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," Benedict sọ fún awakọ̀ náà, ohùn rẹ̀ sì já gaara dé iwájú. "A ó bá yín nu àga náà tí a bá dé."